Sẹ̀gilọlá Lójú Ẹ̀rọ: Lámèyítọ́ àti Wíwá Orísun Ìpìlẹ̀ Ìtàn nínú Ibi Ìpamọ́ orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Abuja ni ibùjókòó ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ibẹ̀ ni orílé-iṣẹ́ ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí wà; ibẹ̀ náà ni orílé-iṣẹ́ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ó ń gbé ní Gwagwalada tàbí ní Garki ti bọ́ sí ibi tí oúnjẹ ti délẹ̀, pé ọwọ́ lásán ni yóò nà kí ó tó kan ohunkóhun tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orílé-iṣẹ́ wà ní Abuja, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni àwọn ìwé gan-an wà. Ìbàdàn ni ó tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn lórí ilẹ̀ Yorùbá ti Ìwọ̀-oòrùn. Kàdúná ni ti ìhà Àríwá wà, èyí tí Ìlọrin àti Kàbà bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Enugu ni ti ìhà Ìlà-oòrùn. Àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. fi ránṣẹ́ sí London láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó sì wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Òwe náà ti ṣẹ ní ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á kò lérò. Nínú ìwé tí olùwádìí ìgbà kan ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wá, apá kan ti wà nínú ẹ̀rọ alágbèéká tí akẹ́kọ̀ọ́ kì bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, ní ẹ̀dà ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ẹnikẹ́ni lè kà láì san kọ́bọ̀. Ètò tí British Library dá sílẹ̀ ní 2004 fún àwọn ìwé tí ó wà nínú ewu ti ya àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àtijọ́ káàkiri ayé, Áfíríkà kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ayọ̀ ni èyí yẹ kí ó jẹ́, ayọ̀ náà sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà bá yọ lójú ẹ̀rọ, kí ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rí i? Ibi tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé ni pé rírí ìwé kọ́ ni òpin iṣẹ́, àti pé irinṣẹ́ tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ fi ń tú ìtàn àròsọ palẹ̀, ìyẹn ni wíwo asọ̀tàn, òǹkàwé, èdè àti àsìkò, ni olùwádìí ìtàn nílò jù lọ níwájú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí ó bá a mu jù láti fi dán èyí wò ni *Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́*, tí Isaac Babalọlá Thomas kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*, láàárín oṣù Keje 1929 àti oṣù Kẹta 1930.

Kí ni orísun ìpìlẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ìtàn a máa pín orísun sí ọ̀nà méjì. Orísun ìpìlẹ̀ ni ohun tí ó ti ọwọ́ tàbí ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ wá, tàbí tí ó ti inú àsìkò náà gan-an wá: lẹ́tà, ìwé ìrántí, ìwé ìròyìn, ìwé ilé-ẹjọ́, orin, oríkì. Orísun kejì ni èyí tí ẹlòmíràn ti ara wọn fà yọ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà tí S. O. Bíòbákú ti ṣe olóòtú *Sources of Yoruba History* ní 1973 ni ó ti hàn gbangba pé oríkì, ẹsẹ Ifá àti èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, pé kì í ṣe ohun tí a fi yíǹkì kọ nìkan ni ìtàn Yorùbá ní lọ́wọ́.

Ìpín méjì yìí dára fún kíláàsì, ṣùgbọ́n ìwé Johnson fi hàn pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson parí *The History of the Yorubas* ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láì fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọdún 1921 ni ó tó jáde, Obadiah pàápàá sì ti kú kí ó tó jáde. Lórí ogun Kírìjí àti àdéhùn ọdún 1886, Samuel Johnson jẹ́ ẹlẹ́rìí: òun wà lára àwọn tí ó ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀ láàárín àwọn ológun àti ìjọba Èkó. Lórí Odùduwà àti Ọ̀rányàn, ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó kọ sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo, orísun ìpìlẹ̀ ni ní ojú ewé kan, orísun kejì ni ní òmíràn, ọwọ́ ènìyàn méjì ni ó sì gba gbogbo rẹ̀ kọjá.

Ẹni tí ó ra ìwé náà tí ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò pàdé ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Obadiah ti ṣe àlàyé bí ọ̀ràn ti rí. Ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì gbé e sọ sí àárín ojú ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà, kò ní kọjá níbẹ̀. Àǹfààní ẹ̀rọ ni pé ó ń gé ọ̀nà kúrú. Ọ̀nà tí ó gé kúrú náà sì ni ibi tí òǹkàwé ìgbà àtijọ́ ti ń mọ irú ẹni tí ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Orúkọ tí a fi ń wá nǹkan

Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí olùwádìí ń rò. Lẹ́tà tí ó bá tẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí ó kọ “Yorùbá” tí ó sì jókòó de èsì yóò pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń wá, nítorí pé kì í ṣe orúkọ yìí ni gbogbo ayé fi pe àwọn ènìyàn náà. Yariba ni Clapperton àti àwọn arìnrìn-àjò ìgbà rẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1820. Eyeo ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ọ̀rúndún kejìdínlógún ń kọ fún Ọ̀yọ́. Ní Freetown, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ara ìkíni wọn. Ní Brazil, Nagô. Ní Cuba, Lucumí. Orúkọ ìlú náà kò dúró sójú kan: Oshogbo, Shaki, Offa, Otta àti Ilesha ni a ó bá nínú ìwé ìjọba, kì í ṣe Òṣogbo, Ṣakí, Ọ̀fà, Ọ̀tà àti Iléṣà.

Àkọtọ́ tún dá kún un. Láti ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 títí dé èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ojú tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ní nínú ìwé ti yí padà. Aiye, enia, obirin àti okonrin ni àwọn ìwé àtijọ́ kọ. Ayé, ènìyàn, obìnrin àti ọkùnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń tẹ̀. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa pàápàá wà lára àwọn tí àkọtọ́ fi pa mọ́. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ márùn-dín-lógún, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan, ó sì dópin ní 1867 nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní ìlú. “Irohin” ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà h. Ẹni tí ó bá fi “ìròyìn” wá a lè wá a títí kí ó má rí i, kí ó sì padà wá kọ ọ́ pé kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ rí nǹkan nínú ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kà sí èyí tí kò ní adùn, tí wọ́n ń há sórí nítorí ìdánwò, ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ni lára jù ni ọ̀ràn àwọn tí a tà lẹ́rú. Nínú àkójọ African Origins, orúkọ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 91,000 ni ó wà, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana. Àwọn akọ̀wé tí ó kọ wọ́n kò gbọ́ èdè àwọn tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn. Àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó lè ní etí pẹ̀lú kí ó má fi gbọ́ràn. Ohun tí etí Gẹ̀ẹ́sì tàbí etí Sípéènì bá gbọ́ ni wọ́n kọ, láìsí àmì ohùn, láìsí ìsàlẹ̀ sí ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn tí ó ṣe àkójọ náà ti bẹ gbogbo ènìyàn tí ó bá gbọ́ èdè kan ní Áfíríkà kí wọ́n ran àwọn lọ́wọ́ láti dá orúkọ wọ̀nyí mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, pé ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí, lè rí ìtàn ìbí ọmọ kan nínú ohun tí kọ̀ǹpútà kà sí lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lásán. Orúkọ kejì yìí ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1822, tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Òun rí ayé kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà ní 1837. Àwọn yòókù, orúkọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ àti àmì ohùn

Kí ẹ̀rọ tó lè wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé àtijọ́, ó ní láti kọ́kọ́ sọ àwòrán ojú ewé di lẹ́tà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Tí ó bá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, ó lè ka ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ sí ìdọ̀tí, ó sì lè sọ ṣ di s. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, bébà wọn ti gbó, yíǹkì wọn sì ti ṣá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ tí a kọ ní “ogun” láìsí àmì. Ogun tí àwọn Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ jà wà níbẹ̀. Ògún, òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, wà níbẹ̀. Odò Ògùn tí ó kọjá lẹ́bàá Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Ogún tí àwọn ọmọ olóògbé ń pín wà níbẹ̀. Ogún tí í ṣe iye náà wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò bá sì kọ ọ́ dáadáa, oògùn tí babaláwo gún yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fẹ́ ka iye ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ogun nínú ìwé ìròyìn ọdún kan, tí ó sì gbé iye tí ẹ̀rọ bá fún un wá sí àpérò, kò tíì ka nǹkan kan. Ẹ̀rọ ti kó òrìṣà, odò, dúkìá àti ìjà pọ̀ sínú àpò kan fún un.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí ẹ̀rọ. Ohun tí a kò kọ́ ọ ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè kò parí nígbà tí kọ̀ǹpútà dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tí kò bá sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àwọn ojú ewé wọ̀nyí kọ ní àkọtọ́ tí ó pé, tí ó sì fi àkọtọ́ àtijọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí òkúta tí ó wà nínú odò: wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní etídò kò rí wọn.

Sẹ̀gilọlá àti ẹ̀rí rẹ̀

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan borí gbogbo ìṣòro wọ̀nyí. Ó ń ṣe ìwádìí lórí ìgbé-ayé àwọn obìnrin Èkó ní àwọn ọdún 1920, ó sì kan lẹ́tà kan nínú *Akéde Èkó* ọdún 1929. Obìnrin arúgbó kan ni ó kọ ọ́ sí olóòtú. Ó ní àìsàn ń ṣe òun. Ó ní òun ti jẹ́ arẹwà obìnrin tí kò lẹ́gbẹ́, tí ó ní ẹgbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ń kábàámọ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi òun kọ́gbọ́n. Ó dárúkọ àdúgbò Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó rántí orin tí ìlú ń kọ nígbà kan, ó fi orin ìsìn àti ọ̀rọ̀ Bíbélì kún un, ó sì kọ̀ láti sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Lẹ́tà ni; ó ní ọjọ́; ó wà nínú ìwé ìròyìn àsìkò náà; ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni ó ń sọ ọ́. Gbogbo àmì orísun ìpìlẹ̀ pé sí i lára.

Kò sí obìnrin kankan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ lẹ́tà ọgbọ̀n tí Sẹ̀gilọlá kọ sí i. Nínú àwọn òǹkàwé rẹ̀, àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni. Bí òǹkàwé Èkó tí ó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú olóòtú bá lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Abuja ní ohun tí ó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, tí ojú ewé kan ṣoṣo sì ni ẹ̀rọ gbé sí iwájú rẹ̀?

Ohun tí yóò dáàbò bò ó ni lámèyítọ́. Ẹni tí a ti kọ́ láti ya òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára asọ̀tàn yóò béèrè ta ni “èmi” yìí. Ẹni tí ó mọ bí ìtàn àtẹ̀léra ti ń ṣiṣẹ́ yóò ṣàkíyèsí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀rọ̀ rọ̀ síbi tí òǹkàwé yóò fi fẹ́ ra ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ èdè yóò gbọ́ ohùn oníwàásù lẹ́yìn ohùn obìnrin náà. Kò sí èyí tí ẹ̀rọ lè sọ fún un nínú gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, àṣìṣe ni yóò jẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wá ju Sẹ̀gilọlá nù pé irọ́ ni. Ìwé kì í jẹ́ orísun ìpìlẹ̀ lásán. Orísun ìpìlẹ̀ *fún ìbéèrè kan* ni ó ń jẹ́. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé kí ni obìnrin kan báyìí ṣe ní Èkó, Sẹ̀gilọlá kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé irú obìnrin wo ni àwọn ọkùnrin onímọ̀ ìwé Èkó ń bẹ̀rù ní 1929, irú ìtàn wo ni wọ́n lè gbàgbọ́, irú Yorùbá wo ni wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, nígbà náà Sẹ̀gilọlá di ẹlẹ́rìí tí ó ṣòro láti rí irú rẹ̀. Ó purọ́ nípa ara rẹ̀, kò sì lè purọ́ nípa èdè tí ó fi purọ́.

Àtẹ̀jáde ọdún 2012

Wọ́n tẹ Sẹ̀gilọlá bí ìwé ní 1930, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó padà dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Karin Barber ni ó tún gbé e jáde ní 2012 nínú *Print Culture and the First Yoruba Novel*, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni pé kò yọ ìtàn náà kúrò nínú ìwé ìròyìn tí ó bí i. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yí i ká wá, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé Thomas kò dá wà. *Èkó Àkéte* ti ń jáde láti 1922, *Elétí Ọfẹ* láti 1923, *Yorùbá News* ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn láti 1924. Ọjà ìwé ìròyìn Yorùbá ni Sẹ̀gilọlá ti jáde wá, ibẹ̀ ni ó sì ti ní ìtumọ̀.

Ohun kan wà nínú àkọlé ìwé náà tí ó yẹ kí a fà yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni “àkọ́kọ́”. Ní ọjọ́ pípẹ́, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá. Ìwé ọdún 1930 sì ti fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni, ẹjọ́ náà ti parí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ka gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó jáde ṣáájú 1929? Bébà ìwé ìròyìn kì í pẹ́ kí ó tó jẹra, ẹni tí ó kà á tán a sì máa fi di nǹkan lọ́jà. Nígbà tí a bá sọ pé iṣẹ́ kan ni àkọ́kọ́, ohun tí a ń sọ ní tòótọ́ ni pé òun ni àkọ́kọ́ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù tí a sì ti rí. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ìpamọ́ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí kan tí ó ń fi ọ̀pọ̀ nǹkan pa mọ́ láì mọ̀. Ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Ohun kejì ni pé kò sí àtẹ̀jáde tí ó lè gbé odindi ìwé ìròyìn. Olóòtú ní láti yàn. Ìpolówó ọjà, iye owó nǹkan, ìkéde òkú àti ìgbéyàwó, ìròyìn ilé-ẹjọ́ tí ó wà ní òdì kejì lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, gbogbo ìyẹn wà lára ohun tí òǹkàwé 1929 kà ní ọjọ́ kan náà. Níhìn-ín ni àwòrán ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó bá pé, ti borí ìwé tí a tẹ̀: ó lè fi gbogbo ojú ewé hàn bí ó ti rí. Iṣẹ́ Barber àti àwòrán ojú ewé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Èkíní ń sọ bí ó ṣe yẹ kí a kà á. Èkejì ń jẹ́ kí a lè bá ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí ohun tí ó wà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ìwé àti ìwé ìròyìn C.M.S. tí ilé-iṣẹ́ Adam Matthew sọ di ti orí ẹ̀rọ, owó ni àwọn yunifásítì ń san kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó lè kà wọ́n. Lẹ́tà tí ọmọ Ẹ̀gbá kan kọ ní Abẹ́òkúta lè di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní Leeds yóò kà, tí akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rẹ̀ kò sanwó ní Nàìjíríà kò ní lè ṣí.

Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú kò fìdí múlẹ̀ títí láé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí ẹ̀rọ kọlu British Library. Ó di oṣù Kìíní 2024 kí kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ tó padà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì padà ní pípé. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó kan Internet Archive. Ilé ìkàwé kò jóná, ìwé kankan kò sọnù, síbẹ̀ olùwádìí tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹ̀rọ nìkan jókòó lásán.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ padà sílé. Ní 1951 ni Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn ìwé ìjọba tí ó wà káàkiri Nàìjíríà, láti inú iṣẹ́ náà ni ilé ìpamọ́ ti Ìbàdàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Òfin ọdún 1970 lórí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ní kí atẹ̀wéjáde kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà 3 ìwé tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Òfin ọdún 1992 sì wà lórí ìtọ́jú ìwé ìjọba. Òfin kò wọ́n. Ilé tí a fẹ́ kó wọn sí ni ó ń falẹ̀: iṣẹ́ lórí ilé ńlá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ní àárín gbùngbùn Abuja ti wà lọ́wọ́ láti 2006, kò sì tíì parí ní 2025 nígbà tí ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, ní kí àwọn tí ó fẹ́ bá òun ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ó lé márùn-ún dá owó fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ kò dúró de ilé náà. Archivi.ng, tí Fu'ad Lawal jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti gbé e ka iwájú láti sọ ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 dé 2010 di ti orí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a yìn ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, *Akéde Èkó* àti *Yorùbá News* wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rúndún tí Yorùbá fi jẹ́ èdè ìròyìn, láti Townsend dé Thomas, kò tíì rí ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún un nílé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dìde, nítorí pé àwọn ni ó ní àwọn tí ó lè ka àkọtọ́ àtijọ́ kí wọ́n sì fi àmì sí i.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ó bá mú ẹ̀rí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ojúlówó ìwé náà wà, ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó dà á kọ tàbí tí ó tún un tẹ̀, ọjọ́ tí ó jáde, àti àkọtọ́ tí ó fi wá a. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó wá tí kò rí pẹ̀lú, nítorí pé “kò sí” àti “n kò rí i” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Olùkọ́ náà lè fún kíláàsì rẹ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi àkọtọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá a, kí wọ́n wá kó èsì wọn jọ. Nínú wákàtí kan, wọn yóò ti mọ ohun tí ìwé ńlá kan kò lè kọ́ wọn nípa bí ìtàn ṣe ń farapamọ́.

Àwọn ohun méjì tí a gbé yẹ̀ wò lókè yìí kò dọ́gba. Sẹ̀gilọlá, tí kò fìgbà kan sí láyé, ní lẹ́tà ọgbọ̀n. A mọ bí ẹyinjú rẹ̀ ti rí, a mọ orin tí ó fẹ́ràn, a mọ ohun tí ó ń kábàámọ̀ lé lórí. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé Freetown gbé láyé, wọ́n ní ìyá, wọ́n ní ìlú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí akọ̀wé ṣì kọ ni ó sì ṣẹ́kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Èkíní ń fẹ́ kí òǹkàwé má tètè gbà á gbọ́. Èkejì ń fẹ́ ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí yóò pe ọ̀rọ̀ náà sókè títí yóò fi padà di orúkọ.